Ìwọ̀n Ìpele Àwọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Fi Fídíò Wéra

Bíìtì ni àyè kan ṣoṣo tí òdo tàbí ení lè wọ̀ nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà. Bí bíìtì bá jẹ́ 8, ìpele 256 ni ó wà fún àwọ̀ ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Bí ó bá jẹ́ 10, ìpele náà di 1,024. Ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ni ìyàtọ̀ yìí ti ń hàn jù: níbi tí ó yẹ kí àwọ̀ kan máa yọ́ wọ inú èkejì, ìpele tí kò tó a máa fa ilà-ilà.

Bí ẹnìkan bá pe èyí ní 'ìjìnlẹ̀ àwọ̀', orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rántí aṣọ tí aláró rì sínú aró léraléra títí ó fi ṣú. Bíìtì kì í mú àwọ̀ ṣú. Iye ìpele tí ó wà láàrin dúdú àti funfun ni ó ń mú pọ̀ sí i. 'Ìwọ̀n ìpele àwọ̀' ni ó bá ìtumọ̀ mu.

Ìfiwéra gan-an ni ó ṣòro. Nínú ìlànà tẹlifíṣàn, 235 ni funfun fún bíìtì 8, 940 sì ni fún bíìtì 10. Dúdú jẹ́ 16 níhìn-ín, ó jẹ́ 64 lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà lásán yóò ní fídíò méjèèjì kò jọra, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n nìkan ni ó yàtọ̀. Kí ó sọ nọ́ńbà bíìtì 8 di ìlọ́po 4, wọn yóò bára mu. Ṣùgbọ́n bí fídíò bá ń lo gbogbo ìpele láti 0, ìlọ́po 4 kò péye: 255 yóò di 1,020, kò ní dé 1,023. Iye tí a rí nígbà tí a bá fi 255 pín 1,023 ni kí a lò.

Bíìtì 8 ni kí a gbé gòkè. Bí a bá rẹ bíìtì 10 sílẹ̀, ìpele mẹ́rin-mẹ́rin yóò di ẹyọ kan, ohun tí a fẹ́ wọ̀n yóò sì ti sọnù kí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìṣirò tí ó ń fi dẹ́síbẹ̀lì wọn àṣìṣe, ìpele tí ó ga jù lọ ni a ń gbé ka orí àṣìṣe. Ẹni tí ó bá fi 255 sí ipò 1,023 yóò dín nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 12 kù nínú èsì, fídíò rere yóò sì dà bí èyí tí ó bàjẹ́. Ojú lásán kò sì lè gbèjà rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn tí kò lè fi ju bíìtì 8 hàn.