Nígbà tí gbogbo ilé ń bá Frank Edoho dáhùn ìbéèrè

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé ẹ rántí ètò orí amóhùnmáwòrán tí wọ́n ń pè ní 'Who Wants to Be a Millionaire'? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1998, ó sì dé Nàìjíríà lóṣù kẹwàá ọdún 2004. Frank Edoho ni atọ́kùn rẹ̀.

Ní Okokomaiko tí mo ń gbé nígbà náà, pálọ̀ ìyá onílé ni gbogbo àwa ayálégbé máa ń péjọ sí. Ọmọ rẹ̀ ló ra tẹlifíṣàn ńlá fún un lọ́jà Alábà. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná máa lọ.

Ìbéèrè 15 ló wà nílẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń tò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá le jù, olùdíje lè ní kí wọ́n yọ méjì kúrò, ó lè bi àwọn èrò ìwòran, ó sì lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ dánfó á ní, "A ni!" Akẹ́kọ̀ọ́ LASU á ní, "Irọ́ o, C ni!" Nígbà tí Aroma Ufodike gba mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ́dún 2009, ńṣe la hó yèè bí ẹni pé ilé wa lowó ń bọ̀.

Ìyá onílé nìkan ni kì í dá sí i, nítorí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n béèrè irúgbìn tó ń tanná lókè, tó sì ń so sábẹ́ ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní iṣu ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀pà ni! Àbí ẹ ò roko rí ni? Ìbà níbí la ti ń gbìn ín, kí wọ́n tó kọ́ ilé ìjọba síbẹ̀ nígbà Jákàńdè."

Ẹ̀pà ló jẹ́ lóòótọ́! Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ògbufọ̀ ìyá. Bó bá ti kan ọ̀rọ̀ oko, ewé tàbí oyè, a ó dákẹ́, a ó máa wo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tó bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé wọn ò lè fi Yorùbá bi wọ́n ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Kí tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, ṣebí àlọ́ àpamọ̀ làwọn òbí wa fi ń dán ọpọlọ wò lábẹ́ òṣùpá, kò sì sẹ́ni tí èdè ń lé sẹ́yìn níbẹ̀.

Ìyá ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Kò dúró rí ètò Masoyinbo tí Ọlálékan Fábílọlá ń ṣe lórí YouTube, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá béèrè, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá dáhùn. Nígbàkigbà tí mo bá ń wò ó, ojú mi a máa lọ sí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Ká ní ìyá wà níbẹ̀ ni, kò ní nílò ògbufọ̀ kankan.

Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé, ẹ má dúró de ètò kankan o. Ẹ tètè bi wọ́n léèrè.