Níbi Àádọ́rin Ọdún Màmá, Ọmọdé Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Bu Oúnjẹ Fún

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ti lu díẹ̀ nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà Agodi Gardens n'Ìbàdàn. Oṣù Kọkànlá ni, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n koríko ṣì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìwé ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, ẹ wọ bàtà tó rọrùn. Kò dárúkọ gèlè. Kò dá iye lé aṣọ ẹbí. Mo ti lọ òde púpọ̀ láyé mi, n kò tíì rí irú ìpè bẹ́ẹ̀ fún ayẹyẹ àádọ́rin ọdún ọjọ́ ìbí.

Ẹnu ọ̀nà ni a ti kọ́kọ́ tò. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Màmá ọlọ́jọ́ ìbí, ọkùnrin, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bírò, ó ń kọ nọ́ńbà fóònù ìyá tàbí bàbá sórí bébà pélébé tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wà níwájú mi já tirẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó.

A gba abẹ́ igi wọlé. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà yìí sílẹ̀, ọgbà ẹranko àti ewéko ni nígbà náà. Omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 bà á jẹ́, ó sì pẹ́ gan-an kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe. Màmá sọ fún mi pé ìgbà tí òun wà nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kó àwọn wá wo ẹranko níbẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun ti fẹ́ gba gbọ̀ngàn, òun ló kọ̀. "Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú ńkọ́?"

Àdìrẹ aláró ni Màmá wọ̀, ìró àti bùbá, ó fi gèlè kékeré wé orí, bàtà pẹlẹbẹ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kánọ́pì mẹ́ta ni wọ́n ta. Àga kún abẹ́ méjì. Abẹ́ ìkẹta kò ní àga kankan; ẹní ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n da aṣọ lé e lórí, òórùn àtíkè ọmọ sì ń ta síni nímú kéèyàn tó sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń fún ọmọ lọ́mú, tí àwọn tí oorun bá kùn sì ń sùn. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn igi. Mo rìn lọ wò ó. Wáyà gígùn ni wọ́n fi fa iná wá láti ibẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Èéfín kò kàn wá.

Orin Ebenezer Obey ló ń lọ, ẹnu sípíkà sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2022 pé kí ìpíndọ́gba ariwo orin ibi àpéjọ má ju desibẹ́lì 100 lọ. N kò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́, àmọ́ èmi àti ẹni tó jókòó tì mí ń sọ̀rọ̀ láì pariwo.

Aago mọ́kànlá géérégé, oúnjẹ ọmọdé jáde. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n sè lọ́tọ̀ ni, tòmátì àti tàtàṣé ló pọ̀ nínú rẹ̀, ata rodo kò kàn án rárá. Wọ́n gé dòdò wẹ́wẹ́. Wọ́n ti já ẹran adìẹ kúrò lára eegun. Mọ́ínmọ́ín elewé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èéfín rẹ̀ ń jáde bí alásè ṣe ń tú u, ó sì ń fẹ́ ẹ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e fún ọmọ. Àgbàlagbà kan nawọ́ sí abọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, tiwọn nìyí o. Tiyín ń bọ̀ láago méjìlá." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni wọ́n gbé fún wa nígbà tó yá, ó sì gbóná fẹlifẹli.

Ẹ̀pà wà lórí tábìlì àwọn àgbà nìkan. Ìyàwó ilé kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣà á kúrò lórí ẹní, nítorí ẹ̀pà odindi máa ń há ọmọ kékeré lọ́fun. Òun náà ni mo rí nígbà tí bàlúùnù kan bẹ́, gbòà! Ọmọ tó mú un lọ́wọ́ bú sẹ́kún. Kí ìyá rẹ̀ tó gbé e, nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àjákù rọ́bà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tún fi ọwọ́ gbá koríko kiri títí ó fi rí èyí tó kù.

Oòrùn wá mú. Ilé rọ́bà tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí àwọn ọmọ ti ń fò nínú rẹ̀ láti àárọ̀, gbóná débi pé wọ́n tì í. Ẹkún sọ. Wọ́n pín sóbò tútù, ẹkún rọlẹ̀.

Wọ́n gé kéèkì, àwọn ọmọ-ọmọ ló fẹ́ iná àbẹ́là pa. Àbúrò Màmá gba gbohùngbohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Màmá bọ́ sójú agbo, ọmọ mẹ́rin dì mọ́ ìró rẹ̀. Agbọ̀n ni wọ́n gbé kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ná an lówó ń lọ fi síbẹ̀. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà lóde sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdí tí Màmá fúnra rẹ̀ sọ ni pé níbi tí owó bá ti ń já bọ́, ọmọdé ló ń wọ abẹ́ ẹsẹ̀ àgbà lọ ṣà á.

Aago méjì, wọ́n pa orin. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìwé aláwòrán kan àti kíréyọ̀nù. Kò sí ọmọ tó sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún òbí yín, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn: ta ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀? Bí wọ́n bá ní ọmọ-ọmọ àwọn ni, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òwúrọ̀, kí ẹ sì sè tiwọn lọ́tọ̀.