Wọ́n ké gbàjarè lórí ilé àwòṣífìlà, wọn kò gbọ́ títí iná fi pa èèyàn 72

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ilé àwòṣífìlà kan tí wọ́n ń pè ní Grenfell Tower nílùú London, ògiri ti lanu tipẹ́. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ rí i, wọ́n sì pariwo síta. Àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni kò kọbi ara sí i.

Ilé alájà 24 ni Grenfell, ìjọba ìbílẹ̀ Kensington àti Chelsea ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ibẹ̀ ló jẹ́ mẹ̀kúnnù tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń fẹjọ́ sun àwọn alábòójútó ilé náà pé iná mànàmáná ń ṣe ségesège, ó sì ń ba ẹrù àwọn jẹ́. Wọ́n tún ní pàǹtí ń dí ọ̀nà tó yẹ kéèyàn gbà sá jáde. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé kọ ọ́ síta pé ó dà bí ẹni pé àfi tí ẹ̀mí bá ṣòfò kí àwọn alábòójútó ọ̀hún tó gbọ́.

Kò pé oṣù méje lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ wọn fi ṣẹ. Ní nǹkan bí aago kan òru ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2017, fíríìjì kan gbiná ní àjà kẹrin. Iná kékeré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe, tí wọ́n parí ní ọdún 2016, páànù tó ní rọ́bà láàárín ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Rọ́bà yìí ló gbé iná gun òkè bí ẹni da epo sí i. Kò tó wákàtí kan tí iná fi dé òrùlé.

Àwọn panápaná ti sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó sínú yàrá wọn. Ìmọ̀ràn yẹn dára ní ilé tí ògiri àti ilẹ̀kùn bá lè sé iná mọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Grenfell kì í ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí méjì kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ padà. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà, èéfín sì ti kún un. Èèyàn 72 ló kú.

Nígbà tí adájọ́ Martin Moore-Bick, tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, ó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kú nínú wọn. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba àtàwọn iléeṣẹ́ tó ta páànù náà. Ó tún fi hàn pé oníjàngbọ̀n làwọn alábòójútó ilé náà ka àwọn kan tó ń ké sí.

Kì í ṣe òní kọ́ ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1968, gáàsì bú gbàù ní àjà 18 ilé Ronan Point ní London kan náà, igun ilé náà wó lulẹ̀, èèyàn 4 sì kú. Ní ọdún 2009, iná pa èèyàn 6 ní Lakanal House, ní Camberwell, àdúgbò tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí.

Òfin tuntun jáde ní ọdún 2022. Ní ilẹ̀ England, ilé ìgbé tó bá ga tó mítà 18, tàbí tó ní àjà 7, gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ayálégbé lè gbà fẹjọ́ sùn, onílé sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí ewu ńlá bá wà, dandan ni kó sọ fún àjọ ìjọba. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ náà ní ibi tí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n rí tó létí láìjẹ́ pé orúkọ wọn jáde, CROSS ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa pẹ̀lú. Nígbà tí ilé tó ní iléèwé nínú wó ní Ìtafáàjì, nílùú Èkó, ní oṣù kẹta, ọdún 2019, tó pa èèyàn 20, àwọn aláṣẹ ní àwọn ti fàmì wíwó sí i lára tẹ́lẹ̀. Ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó ní oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Iléeṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ kan ti kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọdún 2020 pé àwọn ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí èrò àwọn àti tirẹ̀ kò bára mu mọ́ lórí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Síbẹ̀, wọ́n tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbé ilé alájà ní Èkó tàbí lókè òkun, ẹ bi wọ́n léèrè. Ṣé ògiri ń sán? Ṣé irin ti yọ lára òpó? Ṣé ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ ti ń há? Ṣé ẹrù dí àtẹ̀gùn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, kí àwọn aládùúgbò fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí lanlọ́ọ̀dù kò bá dáhùn, kí wọ́n gbé e lọ bá àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́. Bí ewu bá ti wọlé ní Èkó, 112 tàbí 767 ni kí wọ́n pè.

Yorùbá ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn ará Grenfell kò dákẹ́. Etí tó yẹ kó gbọ́ ló di.