Lẹ́tà Kan Lọ́sẹ̀ Kan

Òkè ilé ìtajà kan ní ọ̀nà Allen, n'Ìkẹjà, ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ wa kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ òǹkàwé tí a dá sílẹ̀ lórí WhatsApp dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa tó wà níbẹ̀ lé ní ogójì, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti gboyè jáde ní ẹ̀ka wa, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, "ẹ kú ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀" nìkan là ń rí.

Èmi ni mo fà á. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá ni ìwé tí a mú, mo sì ní kí kálukú kà á tán láàárín oṣù kan ká tó jíròrò. Ẹni tó yára kà á ti dé ìparí, ó ń tú àṣírí ìtàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń sá fún un. Ẹni tí kò tíì ṣí i rárá fi ìtìjú panu mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Láàárín 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olóòtú rẹ̀. Lẹ́tà ni, bí ẹni pé arúgbó obìnrin aláìsàn kan ló ń jẹ́wọ́ ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe l'Ékòó. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ó wà láàyè lóòótọ́, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ibi kan náà ni gbogbo wọn dé lọ́sẹ̀ kan náà, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Ìyẹn ló ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu èèyàn.

A wá gé e sí lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ kan, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan á kà á sókè, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà sí Èkó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n a ń kọsẹ̀ bí a bá ń kà á. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Àfi ìgbà tí ọmọ kíláàsì kejì kan kọ ọ́ sí ẹni tí àwòrán òdòdó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ pé: "Ìwọ ò ka ibẹ̀ dáadáa." Ẹni náà ti gboyè kí wọ́n tó bí ọmọ yìí. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ rántí Brown àti Gilman, 1960, tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì kẹta: arọ́pò orúkọ ń sọ ẹni tó ga jù, ó tún ń sọ ẹni tó sún mọ́ ara wọn. Lójúkorojú, irun funfun àti ohùn ìkíni á ti sọ fún ọ bóyá "o" tàbí "ẹ" ló yẹ. Òdòdó kì í sọ ọjọ́ orí. A wá ṣòfin pé "ẹ" ni fún gbogbo èèyàn, ìyẹn náà tún bà á jẹ́: a ń kí ara wa ju bí a ṣe ń jiyàn lọ. Nígbẹ̀yìn, kálukú sọ ọdún tó wọlé àti ohun tó fẹ́ ká máa pe òun. Ìyẹn dúró.

Mo pe àǹtí náà, mo sì kúnlẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ rí mi. Wọ́n ní "o" yẹn kọ́ ló dun àwọn. Àwa yòókù tó rí i tí a ò sọ nǹkan kan ni.

Wọ́n ti padà. Èmi sọ pé Ṣẹ̀gilọlá ronú pìwà dà. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ó ń fi ayé tó jẹ yangàn ni. Wọ́n ní kí n dúró dè wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.