Ta Ni Yóò San Owó Ìtọ́jú Igbó Orí Òkè?

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lóbìnrin, bí a bá gbọ́ pé ìjọba ya igbó ńlá kan sọ́tọ̀ fún ẹranko, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni, pé kò kan ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò sè fún ọmọ. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìdí ààrò ni ọ̀rọ̀ igbó ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ń parí sí. Kí èyí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn òkè Virunga, níbi tí ilẹ̀ Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Kóńgò ti pààlà.

Òkè mẹ́jọ ni wọ́n, iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì gbé gbogbo wọn dìde. Èyí tí ó ga jù nínú wọn, Karisimbi, ga tó 4,507 mítà. Nyiragongo kò tíì sinmi: ó tú iná sórí ìlú Goma ní ọdún 2002, ó sì tún yọ iná ní 2021. Lára àwọn òkè wọ̀nyí ni ìnàkí orí òkè ń gbé, irú èyí tí kò sí níbòmíràn láyé àfi níbẹ̀ àti ní igbó Bwindi ní Ùgáńdà, tí kò jìnnà sí i.

Ní 1925 ni ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, ya apá kan àwọn òkè yìí sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin dè. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n gé bí 10,000 hẹ́kítà kúrò lára rẹ̀ ní ìhà Rùwáńdà, kí wọ́n lè gbin òdòdó tí a fi ń ṣe oògùn apakòkòrò. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Dian Fossey, lọ pàgọ́ sórí òkè náà ní 1967 láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ìnàkí, òun ni ó sì ké ìbòsí wọn sí etí aráyé. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní Virunga ní 1981, 254 péré ni wọ́n rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1985, wọ́n pa Fossey sínú ilé rẹ̀ lórí òkè náà.

Obìnrin tí oko rẹ̀ bá igbó pààlà

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò obìnrin tí oko ọ̀dùnkún òyìnbó rẹ̀ bá igbó yìí pààlà. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lórí rẹ̀ gidigidi, tí ó fi jẹ́ pé oko ìdílé kan kì í fẹ̀. Bí ẹfọ̀n bá jáde lóru kan ṣoṣo, ó lè jẹ oúnjẹ oṣù mélòó kan tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi náà kò rọrùn. Òkúta ibẹ̀ máa ń fa omi òjò wọlẹ̀ kíákíá, odò kò sì pọ̀, nítorí náà inú igbó ni àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ń wọ̀ lọ pọnmi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú igbó kan náà ni igi ìdáná wà.

Bí òfin bá wá dé tí ó ní kò gbọdọ̀ wọ igbó mọ́, ta ni ó ń san owó ìtọ́jú igbó náà? Òun ni. Ó ń fi ọ̀dùnkún rẹ̀ san án, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó ń rìn jìnnà lọ sódò san án, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn olùrànlọ́wọ́. Àwọn àgbà sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí a fi ebi tì síta igbó kò lè bá wa ṣọ́ igbó.

Àwọn tí ó tilẹ̀ san jù lọ ni àwọn Batwa, tí inú igbó jẹ́ ilé fún láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí Ùgáńdà sọ Bwindi àti Mgahinga di igbó ọba ní 1991, wọ́n lé wọn jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ilẹ̀ kankan gbà dípò. Gbèsè yìí ṣì wà nílẹ̀, kò sì yẹ kí iye ìnàkí tí ó ń pọ̀ sí i mú wa gbàgbé rẹ̀.

Owó tí àlejò ń mú wá

Ní Rùwáńdà, wọ́n ronú ọ̀nà àbáyọ kan. Láti 2017, iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àlejò láti òkèèrè ni 1,500 dọ́là, kí ó lè wo ìdílé ìnàkí kan fún wákàtí kan. Àlejò tí ó lè wo ìdílé kan lóòjọ́ kì í ju mẹ́jọ lọ, kí wọ́n má baà kó àìsàn ràn wọ́n. Ní 2005, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn igbó ọba ń pa fún àwọn abúlé tí ó yí wọn ká. Ní 2017 ó di ìdá mẹ́wàá. Wọ́n ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti fi ṣe àgbá ńlá tí ń gbe omi òjò. Wọ́n mọ odi òkúta tí ó gùn ju 70 kìlómítà lọ láti dá ẹfọ̀n dúró, àpò kan sì wà tí ìjọba fi ń san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ẹranko bá ba oko rẹ̀ jẹ́.

Láti 2005 kan náà ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní Kwita Izina, níbi tí wọ́n ti ń sọ àwọn ọmọ ìnàkí lórúkọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ènìyàn. Àwa Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ọmọ tí a bá ti sọ lórúkọ ti di ọmọ ẹnìkan, ikú rẹ̀ yóò sì dun ẹnìkan. Nínú kíkà tí wọ́n ṣe ní 2015 sí 2016, ìnàkí Virunga ti di 604. Ní Bwindi, wọ́n ka 459 ní 2018. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,063.

Ilé tí ó gbójú lé ọ̀nà owó kan ṣoṣo

Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ilé tí owó rẹ̀ ń ti ojú kan ṣoṣo wá wà nínú ewu, bí owó náà ti wù kí ó pọ̀ tó. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti àwọn ọ̀nà pa. Àlejò kò wá mọ́, owó sì dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n rí òkú Rafiki, olórí ìdílé ìnàkí kan ní Bwindi, tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún. Ọkùnrin tí ó ṣe é sọ pé ẹran kékeré ni òun wá dẹ. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí igbó ní owó ìpamọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n dá irú àpò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún Bwindi àti Mgahinga pẹ̀lú ẹ̀bùn tí ó tó mílíọ̀nù 4 dọ́là láti òkèèrè. Wọ́n fi owó náà dókòwò, èrè orí rẹ̀ ni a sì pinnu láti máa ná. Àgbà obìnrin tí ó ní igi obì mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: èso ni ó ń ká tà, kì í gé igi.

Èédú inú àdògán

Ní ìhà Kóńgò, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èédú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Goma fi ń dáná, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì ti sun nínú igbó ọba. Ní oṣù keje 2007, wọ́n yìnbọn pa ìnàkí mélòó kan nínú ìdílé kan, wọ́n sì fi òkú wọn sílẹ̀ láìmú ẹran. Ọwọ́ àwọn tí ń ṣòwò èédú ni a fura sí. Àwọn aṣọ́gbó tí ó ti kú sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ju 200 lọ. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹrin 2020, méjìlá nínú wọn ni wọ́n pa. Wọ́n dá ilé ìránṣọ sílẹ̀ fún àwọn opó wọn, kí wọ́n lè rí ọ̀nà bọ́ ọmọ.

Ẹ má ṣe dá obìnrin Goma lẹ́bi. Kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ìnàkí. Ẹ̀wà ni ó fẹ́ sè. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba èédú lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní iná mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn alábòójútó igbó náà fi kọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná sí etí odò ní Matebe, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, agbára rẹ̀ sì ju mẹ́gáwáàtì 13 lọ. Ogun ṣe àkóbá fún iṣẹ́ rere yìí: àwọn ọmọ ogun M23 wọ agbègbè náà, wọ́n sì gba Goma pàápàá ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Síbẹ̀, èrò tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà kò yẹ̀. Omi odò kò ní ṣàn dáadáa bí igbó orí òkè bá tán, igbó kò sì ní pẹ́ tán bí ilé kò bá ní iná tí yóò fi sè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, èédú tí à ń rà nínú ọjà tiwa náà, igi igbó kan ni. Nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n kó owó ńlá jọ láti dáàbò bo igbó, ẹ má ṣe bèèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè pé èló nínú rẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí oko rẹ̀ bá igbó náà pààlà. Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni yóò sọ bóyá igbó náà yóò wà fún àwọn ọmọ wa.