Yíya Àwòrán Wàrà Sóyà fún Títà

Wàrà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn láti Ìlaró dé Ayétòrò: èyí tí àwọn Fúlàní ń fi mílíìkì màlúù ṣe, àti èyí tí a ń fi sóyà ṣe. Nínú àwòrán, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà, nítorí ẹni tí mílíìkì màlúù kì í bá lára mu, àwòrán ara páálí ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó ka ohun tí a kọ síbẹ̀.

Nítorí náà, kí ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà, kí ó ti bu ẹ̀kúnwọ́ sóyà gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ wàrà náà. Àwọn kan a máa fi ẹyin bíbọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ ẹyin kì í so lórí igi. Funfun kì í hàn dáadáa lórí àwo funfun: igbá tàbí ewé tútù ni ó yẹ ẹ́. Kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá lè hàn. Ní ti èyí tí a dín, gbàrà tí ó bá kúrò nínú òróró ni kí a yà á, kí dídán rẹ̀ tó lọ.