Rap Yorùbá àti hiplife Ghana: kí ló ń sọ orin di ojúlówó?

Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, títí dé Ìgàndó, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin rap péjọ kí àríyànjiyàn kan má bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn kan a ní ẹni tó bá fi èdè Òyìnbó ṣe é nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà la ti gbà á. Àwọn mìíràn a fárí gá pé irọ́ ni, pé ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ọmọ New York, nígbà tó jẹ́ pé dánfó ló ń wọ̀ lọ sí Ìyànà-Ìpájà, ayédèrú gbáà ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni, ó yẹ ká mọ ìdí abájọ. Àdúgbò Bronx, ní New York, ni hip hop ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ìyà ń jẹ. Òfin kan tó lágbára láàárín wọn ni pé kí olórin má purọ́ nípa ibi tó ti wá. Òfin yìí gan-an ló wá di àdììtú fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn: ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́ kò gbọdọ̀ ṣe bí ará Bronx. Ní Japan àti Kòríà pàápàá, àwọn olórin jiyàn lórí bóyá èdè abínibí wọn lè gba rap.

Ní Ghana, Reggie Rockstone ni ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá hiplife, ìyẹn hip hop tí wọ́n pò mọ́ highlife. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti bí i, èdè Òyìnbó ló sì fi ń ṣe rap níbẹ̀ kó tó padà sí Accra láàárín àwọn ọdún 1990. Nígbà tó gbé àwo Makaa Maka jáde lọ́dún 1997, èdè Twi ló gbájú mọ́. Lọ́dún 1999, Obrafour gbé Pae Mu Ka jáde, ó sì fi ìjìnlẹ̀ Twi dárà níbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ olórin Remedies ti po Yorùbá mọ́ rap wọn ní ìparí àwọn ọdún 1990. Lord of Ajasa tẹ̀ lé wọn, kó tó wá kan Dagrin, ẹni tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ mọ̀ mọ́ Méìrán ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ níhìn-ín. Àwo rẹ̀, C.E.O., jáde lọ́dún 2009, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ àwo rap tó dára jù lọ nínú Hip Hop World Awards ọdún 2010. Ó ṣeni láàánú pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ti gbẹ̀mí rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún náà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Obrafour ni orúkọ ẹni tó ń bẹ́rí fún ọba Akan láyé àtijọ́. Akyeame, orúkọ ẹgbẹ́ olórin mìíràn níbẹ̀, túmọ̀ sí àwọn agbẹnusọ ọba. Ṣùgbọ́n Dagrin pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ìta. Àwọn ará Ghana wọ̀nyí lọ sí ààfin láti wá ẹ̀rí pé ojúlówó ni wọ́n. Tiwa lọ sí ìta gbangba.

Èdè fúnra rẹ̀ tún ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Yorùbá àti Twi jẹ́ èdè olóhùn. Bí orin bá yí ohùn padà, ọkọ lè di ọkọ́, ọkọ́ lè di ọkọ̀. Rap sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ju orin lásán lọ, nítorí náà ó rọrùn láti pa ohùn mọ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ìjálá, rárà àti ewì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, ìparí tó dọ́gba kò sì ṣòro rí. Òwe, ìfọ̀rọ̀dárà àti ìfohùntakora la fi ń mọ ọ̀jáfáfá.

Síbẹ̀, kò tọ́ láti sọ pé gbogbo ẹni tó ń fi èdè Òyìnbó ṣe rap ń díbọ́n. M.I. Abaga, tó gbé Talk About It jáde lọ́dún 2008, Jos ló ti dàgbà, níbi tí èdè Hausa àti èdè Òyìnbó ti jẹ́ èdè àjọsọ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà. Bí ó bá fi ìjìnlẹ̀ Yorùbá kọrin, òun gan-an ni ìbá jẹ́ ayédèrú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni ni ọ̀rọ̀ “local” tí wọ́n fi ń bu àwọn olórin abínibí kù. Lọ́dún 2015, Reminisce, Olamide àti Phyno fi èébú náà ṣe àkọlé orin, Local Rappers, ó sì dá awuyewuye sílẹ̀. Èébú yìí kan náà ni ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni máa ń gbà, bí ìjọba Èkó tilẹ̀ ti ṣòfin lọ́dún 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ wọn ní Yorùbá. Ọmọ tí wọ́n bá wí pé èdè ìyá rẹ̀ kò bójú mu ní kíláàsì, tó wá gbọ́ ọ lẹ́nu olórin tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, yóò ti rí ìdáhùn.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.